Iná pupa tí kò tàn: bẹ́ ẹ ṣe máa pààrọ̀ alternator BM R80 àtijọ́ fúnra yín

Ọ̀sán Sunday kan ni mò ń bọ̀ láti Lọ́kọ́jà lórí BM R80 mi, máṣíìnì BMW ẹlẹ́sẹ̀ méjì àtijọ́, oòrùn mú ganrín-ganrín, bí mo ṣe ń wọ Gwagwalada báyìí ni fìtílà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi ti àtùpà elépo, ẹ́ńjìnnì ń húkọ́, ó húkọ́ húkọ́ títí ó fi kú mọ́ mi nídìí. Mo tẹ starter, "ták" kan péré ló dá mi lóhùn. Ọmọ Hausa kan tó ń tún máṣíìnì ṣe lẹ́bàá títì sáré wá, ó fi wáyà kan orí bátìrì, kò ta pàrà rárá, ó ní "Oga, babu wuta". Òótọ́ ló sọ, iná ò sí. Àmọ́ ibi tí iná yẹn gbà lọ, oṣù méjì ni mo fi wá a. Mo ra bátìrì méjì, mo ra regulator kan, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso iná, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi nínú àwọn tí mo yọ dànù.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹlòmíì má baà náwó bí mo ṣe ná an. R80 ni tèmi o, ṣùgbọ́n R65, R75, R100, gbogbo BM àtijọ́ tí sílíńdà wọn na apá jáde lọ́tùn-ún lósì tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tù wọ́n, bákan náà ni ètò iná wọn rí, láti ìgbà R75/5 tó jáde ní 1969 títí dé àárín àwọn ọdún 1990 tí wọ́n pa irú ẹ́ńjìnnì yẹn tì. Bosch ló ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan iná inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Jincheng tàbí Honda CG lẹ̀ ń gùn, tiyín ò rí báyìí, mágínẹ́ẹ̀tì gidi ló ń yí nínú tiyín, kò ní brush, kò ní wáyà nínú rotor, ẹ kàn mú ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ mítà, èyí tí wọ́n fi ń wọn iná, kẹ́ ẹ máa lọ. Àwa tá a sì ń gun ti àtijọ́ yìí ní Àbújá ò pọ̀, láti 2006 tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, ẹni tó bá gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì gba Wuse kọjá, gbogbo ojú ló máa wà lára ẹ̀, kó wá kú mọ́ ọn nídìí ní junction, ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń tini tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbé inú ilé ká tó pè é ní olè. Iwájú ẹ́ńjìnnì pátápátá, lẹ́yìn ìdérí aluminium yẹn, ibẹ̀ ni alternator wà, òun ló ń pèsè iná fún máṣíìnì àti bátìrì. Rotor ló wà láàárín, ó jókòó sórí imú crankshaft, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí lòun náà ń yí, wáyà kọ́pà gígùn ni wọ́n wé sínú ẹ̀. Stator ló yí i ká, ìyẹn kì í yí. Àwọn kábọ́ọ̀nù brush kékeré méjì ń fara kan òrùka kọ́pà méjì tó wà lórí rotor, ibẹ̀ ni iná díẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀, iná yẹn ló ń sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, bó bá wá ń yí, stator á máa pọn iná púpọ̀ jáde. Irú iná tí stator ń pọn yẹn, bátìrì ò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kó gba orí diode board kọjá, pátákó kan tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo lọ, ó wà lókè alternator lábẹ́ ìdérí kan náà. Regulator wà lábẹ́ téńkì epo, òun ló ń sọ fún rotor pé ó ti tó, dín in kù.

Èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà wa ò mọ̀ ni pé gílóòbù pupa tí wọ́n kọ GEN sí lójú máṣíìnì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, iná á kúrò lára bátìrì, á gba inú gílóòbù yẹn, á dé regulator, á gba brush kan wọ inú rotor, á gba brush kejì jáde sí body. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kò ní ẹ̀ka. Iná díẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá yẹn ló ń jí rotor lójú oorun. Tí ọ̀nà yẹn bá já níbikíbi, gílóòbù ò ní tàn, rotor náà ò sì ní jí. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi gbọdọ̀ fi gílóòbù LED síbẹ̀ torí pé ó mọ́lẹ̀ jù, iná tó ń gba inú LED kọjá kéré jù láti jí rotor, ti 12 volt, 3 watt bíi ti tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ibi tí wọ́n ti mú mi rèé. Gbogbo wa la mọ̀ pé iná ìkìlọ̀ tó bá tàn, wàhálà dé, tí kò bá tàn, àlàáfíà. Ti BM yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Tí wáyà inú rotor bá já nígbà tẹ́ ẹ wà lórí ìrìn, pupa yẹn kì í tàn rárá, torí ọ̀nà tó máa gbà tàn gan-an ló já yẹn. Ó máa dákẹ́ bíi pé ara ẹ́ńjìnnì le koko, ẹ̀yin náà á sì máa lọ, ẹ ò mọ̀ pé bátìrì lẹ̀ ń jẹ, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, Gwagwalada.

Nítorí náà, ẹ máa wò ó láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Kọ́kọ́rọ́ on, ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́, pupa gbọ́dọ̀ tàn geere. Ẹ start, ẹ ká throttle díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kú. Tó bá tàn tó kọ̀ tí kò kú, ó lè jẹ́ regulator, ó lè jẹ́ stator, ó lè jẹ́ diode, ó sì lè jẹ́ pé wáyà inú rotor ti lẹ̀ mọ́ irin. Tó bá kú tó wá ń tàn bàìbàì bí throttle ṣe ń lọ sókè, diode board ni kẹ́ ẹ fojú sí, tàbí wáyà tó so ó mọ́ body. Tí kò bá tàn rárá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ on, ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ gbé téńkì sọ̀kalẹ̀.

Téńkì ò le, ẹ ti táàpù epo méjèèjì, ẹ fa họ́ọ̀sì wọn yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn téńkì lábẹ́ ìjókòó, ẹ fà á sẹ́yìn kẹ́ ẹ gbé e. Ẹ má ṣe é lẹ́bàá ẹni tó ń fa sìgá o. Ẹ máa rí regulator, wáyà mẹ́ta wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, wọ́n kọ D+, DF àti D- sí i. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ fi wáyà kúkúrú kan so D+ mọ́ DF, ẹ tan kọ́kọ́rọ́. Tí pupa bá tàn báyìí tí kò tàn tẹ́lẹ̀, regulator lẹ máa bá wí, ọ̀rọ̀ tán. Tí kò bá tàn síbẹ̀, ẹ yọ wáyà kúkúrú yẹn lára DF, ẹ fi kan body. Tó bá tàn nígbà tó kan body, gílóòbù yín dáa, ó kù sọ́wọ́ brush àti rotor. Tó bá kan body tí kò tàn, ẹ lọ yẹ gílóòbù wò kẹ́ ẹ yé da ẹ́ńjìnnì láàmú. Ìgbà tí wáyà kúkúrú yẹn bá so D+ mọ́ DF, ẹ má start ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ máa ká throttle kiri, iná ò ní alákòóso mọ́ nìyẹn, ohun tó bá jó, ẹ̀yin lẹ jó o.

Mítà wá kù. Mítà tí wọ́n ń tà lórí tábìlì ní Wuse Market yẹn náà tó, ẹ kàn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kanra wọn kẹ́ ẹ mọ iye tí mítà fúnra ẹ̀ ń kà, kẹ́ ẹ máa yọ iye yẹn kúrò. Ẹ gbé e sí ohms, ibi tó ti ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó, ẹsẹ̀ kan sínú DF nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìkejì sí body. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà ni rotor àti brush lápapọ̀, láìtíì tú ẹ́ńjìnnì rárá. Rotor tó dáa máa ń ka bíi 3.4 láàárín òrùka ẹ̀ méjèèjì, tó bá ti gba brush kọjá ó lè lé díẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí láàárín 3 sí 5, ó ń ṣe dáadáa. Tó bá ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí tí mítà ò ka nǹkan kan, ó ti já.

Mo ṣe gbogbo èyí láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mítà ka 3.9, pupa tàn geere, mo start, pupa kú. Rẹ́wáyà tó wà lọ́dọ̀ mi ní "Ọ̀gá, mo sọ fún yín, alternator yín ò ṣe nǹkan kan, bátìrì yín ló ti gbó". Ibẹ̀ ni mo ti ra bátìrì kejì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oṣù March tí ooru wọlé, mo gun un láti Kubwa dé Zuba, mo padà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mi ò jẹ́ kó tutù, mo tan kọ́kọ́rọ́ padà: pupa ò tàn. Mo sáré gbé téńkì sọ̀kalẹ̀, ó ń jó mi lọ́wọ́, mo ti mítà bọ DF, kò ka nǹkan kan, bíi pé mi ò fi kan nǹkan. Mo jókòó tì í níbẹ̀, mo mu pure water méjì, nígbà tó ṣe, mítà ta gbọ̀n, 4.1. Bó ṣe ń tutù ló ń jí. Wáyà inú ẹ̀ ti já síbì kan, tó bá tutù ẹnu méjèèjì á fara kanra, tó bá gbóná irin á wú, wọ́n á fira sílẹ̀. Torí náà ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá wọn rotor yín nígbà tó tutù tó ní ó dáa. Ẹ gùn ún kó gbóná, kẹ́ ẹ wá wọ̀n ọ́n kíákíá.

Tó bá ti dá yín lójú pé alternator ni, ẹ wá nǹkan iṣẹ́ jọ: L-key 5 àti 6, mítà, brush tuntun méjì, lẹ́ẹ̀dì àti irin tí wọ́n fi ń jó o, sándípépà tó tẹ́jú dáadáa, spray tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, àti púlà rotor. Púlà yẹn ṣe pàtàkì ju rotor fúnra ẹ̀ lọ ó kù díẹ̀. Bóòtù pàtàkì kan ni, orí ẹ̀ nípọn ó ní ojú tó máa wọ ojú rotor, ìdí ẹ̀ gùn ó tín-ín-rín, ìdí yẹn á wọ inú ihò crankshaft, á lọ fẹsẹ̀ tì í nísàlẹ̀, bẹ́ ẹ bá wá ń dì í, rotor á máa bọ̀ wá síta. Kò gbówó lórí lókè òkun, ẹ kúkú ní kí wọ́n fi sí ẹrù pọ̀ mọ́ rotor. Èmi ò ní sùúrù, mo gbé ìwọ̀n ẹ̀ lọ sí Panteka ní Kaduna, àwọn tó ní lathe níbẹ̀ yí i fún mi, wọ́n sì fi iná le é. Ẹ gbọ́ ibi tí mo ní wọ́n fi iná le é o. Ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kàn gé irin kékeré kan jù sínú ihò yẹn kí n fi bóòtù lásán tì í. Irin tó bá rọ̀, tí agbára bá dé bá a, á wú nínú crankshaft níbẹ̀, kò ní jáde mọ́, ohun tó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan á wá di pé ẹ̀ ń já ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.

Ó kàn wá. Centre stand. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí iwájú, ẹ yọ negative lórí bátìrì. Mo tún ń sọ ọ́: ẹ yọ negative lórí bátìrì. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Wáyà pupa tó nípọn tó wà lórí diode board, tààrà ló ti ara bátìrì wá, kò gba fíúùsì, kò gba kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ìdérí aluminium yẹn sún mọ́ ọn gan-an. Bẹ́ ẹ ṣe ń fa ìdérí jáde tó bá fi lè kàn án báyìí, iná á ta, diode board yín á lọ, ẹ wá ti ní àìsàn méjì. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Rotor ẹ̀ ò tiẹ̀ bàjẹ́, ó kàn fẹ́ wo inú ni.

Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà bo orí wáyà yẹn kó má baà padà kan bátìrì. Ẹ tú bóòtù ìdérí mẹ́ta, L-key 5, ẹ kíyè sí i pé gígùn wọn ò bára mu, ẹ rántí ibi tí kálukú ti wá. Ìdérí lè lẹ̀, ẹ fi igi òòlù gbá a díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ṣe ṣí báyìí ẹ máa rí eruku dúdú, eruku brush ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyókù jẹ́ eruku ọyẹ́ tiwa níbí. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ má fojú di fọ́tò yìí, wáyà mẹ́ta ló lọ sí stator, méjì sí brush, tó bá di alẹ́ tí NEPA bá mú iná, ẹ ò ní rántí èyí tó lọ síbo.

Ẹ yọ àwọn wáyà yẹn. Kí ẹ tó fa stator, ẹ gbé brush méjèèjì sókè nínú ilé wọn, kẹ́ ẹ fi spring wọn tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n dúró sókè, tẹ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, etí rotor ló máa ṣẹ́ wọn. Bóòtù mẹ́ta náà ló di stator mú. Ẹ fà á jáde díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, kó má fì sápá kan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sùkúrúdiráfà ràn án lọ́wọ́, ara irin ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tì, ẹ má jẹ́ kó kan kọ́pà. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó jáde láti 1981 síwájú ní agolo kékeré kan tó ń darí pọ́ọ̀gì, wáyà tó jáde lára ẹ̀ kì í fẹ́ wàhálà, ẹ yẹra fún un.

Ó wá ku rotor nìkan. Bóòtù kan ṣoṣo ló dì í mú láàárín, L-key 6, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń tú u gbogbo ẹ́ńjìnnì ló máa máa yí tẹ̀ lé yín. Ẹ fi sí gear karùn-ún, kẹ́nì kan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Àbúrò mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, máṣíìnì fẹ́ bọ́ lórí stand", mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Tí bóòtù bá ti jáde, ẹ fi epo pa púlà díẹ̀, ẹ dì í wọlé títí tó fi fẹsẹ̀ tilẹ̀, kẹ́ ẹ wá dì í kó le. Rotor lè má dáhùn. Kò sí wàhálà, ẹ má fi páìpù gùn sí sípánà, ẹ mú òòlù, ẹ gbá orí púlà ní ọ̀kánkán, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó dún kó! ẹ tún dì í díẹ̀, ẹ tún gbá a. Á já bíi pé ẹnì kan ta á nípàá, ẹ fọwọ́ kejì dì í mú kó má balẹ̀. Orí púlà ni mo ní kẹ́ ẹ gbá o, ẹni tó bá fi òòlù gbá rotor lẹ́gbẹ̀ẹ́, imú crankshaft ló ń gbá, crankshaft tó bá wọ́, ẹ wá owó ẹ́ńjìnnì míì.

Tó bá ti wà lórí tábìlì, ẹ tún fi mítà wọ̀n ọ́n. Láàárín òrùka méjèèjì, 3 àti díẹ̀. Láti òrùka sí irin ara ẹ̀, mítà ò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Ẹ wọn stator náà: wáyà mẹ́ta ẹ̀, ẹ mú wọn ní méjì méjì, kí gbogbo ẹ̀ ka iye kan náà, iye tó kéré gan-an tí kò tó 1 ni, kò sì gbọdọ̀ sí ìkankan tó máa kan irin. Stator kì í sábà bàjẹ́, ti àwọn máṣíìnì yìí rotor ni abẹ́rẹ́ inú ẹ̀kọ wọn.

Ṣé kẹ́ ẹ wé òmíràn sí i ni àbí kẹ́ ẹ ra tuntun? Àwọn tó ń wé armature pọ̀ ní Àbújá, ẹ ò lè dé Apo Mechanic Village kẹ́ ẹ má rí wọn. Mo kọ́kọ́ gbé tèmi fún ẹnì kan, ó wé e dáadáa lójú, mítà ka 3.3, ó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún já. Ohun tó fà á ni pé rotor yìí ń yí ní iye tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tẹ́ ẹ bá sáré ó lé ní 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, wáyà tí wọ́n kàn wé tí wọn ò fi fánìṣì kún inú ẹ̀ kí wọ́n yan án kó gan, á máa mira díẹ̀díẹ̀ títí á fi gé. Tẹ́ ẹ bá máa wé e, ẹ dúró tì wọ́n, kí wáyà tuntun nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó ka 2, torí iná tó máa fà nígbà yẹn regulator lè má gbé e, kí wọ́n sì fi fánìṣì rì í dáadáa. Èmi ṣá, bí èkejì ṣe já, mo ní kí ìbátan mi kan tó ń bọ̀ láti Jámánì bá mi mú tuntun dání. Mo gbà pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ lè wé e kó pẹ́, àmọ́ tó bá tún máa já, ibi tó máa já sí ni mò ń rò, mi ò fẹ́ kó jẹ́ àárín Kwali àti Abaji lálẹ́.

Dídá a padà ò le tó yíyọ. Imú crankshaft rí ṣóńṣó, inú rotor náà bẹ́ẹ̀, bí méjèèjì ṣe mọ́ra wọn ló ń dì í mú, bóòtù kàn ń ṣọ́ ọ ni. Ẹ fi spray fọ méjèèjì, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, ẹ má fi gíríìsì sí i, ẹ má fi epo sí i, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ tì í wọlé, ẹ di bóòtù pẹ̀lú L-key kúkúrú kó le bó ṣe yẹ, kì í ṣe bóòtù táyà lọ́rì, ẹ má gùn ún. Ẹ fi spray nu òrùka kọ́pà méjèèjì, tó bá dúdú ẹ fi sándípépà fẹ́lẹ́ẹ́ rà á. Ẹ dá stator padà, ẹ yọ pọ́ọ̀gì méjèèjì kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́, ẹ fọwọ́ yí i yípo dáadáa, etí yín nílẹ̀: tẹ́ ẹ bá gbọ́ ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀, stator ò jókòó dáadáa, ẹ tú u padà. Ẹ má tẹ starter nígbà tí pọ́ọ̀gì wà níta tí orí wọn ò kan body, ti àwọn tó ní agolo yẹn, ó lè ba apá iná pọ́ọ̀gì jẹ́.

Brush. Tó bá ti kúrú tí spring fẹ́ẹ́ kan ilé ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má ní kó tíì tán. Lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi jó o mọ́ ilé ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń jó tuntun mọ́ ọn, ẹ fi pliers di ìrù wáyà ẹ̀ mú nítòsí ibi tẹ́ ẹ̀ ń jó, kí lẹ́ẹ̀dì má fà gòkè lọ sínú wáyà yẹn, torí tó bá ti fà á, wáyà á gan, brush ò ní lè sọ̀kalẹ̀ tọ òrùka mọ́. Brush kan ni wọ́n yà kúrò lára body, ó ní àwọn ìdábùú kékeré tí kì í jẹ́ kó kan irin, bẹ́ ẹ ṣe bá a ni kẹ́ ẹ dá a padà. Kẹ́ ẹ tó pa ilé dé, ẹ wo diode board, ẹ wo rọ́bà mẹ́rin tó gbé e dúró, ooru máa ń là wọ́n, board á wá máa fì, wáyà tó lọ sí body á sì máa tú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ diode wò, ẹ gbé mítà sí ibi tí wọ́n ya àmì diode sí, kó kọjá lápá kan, kó má kọjá lápá kejì. Ńlá mẹ́fà ni, kékeré mẹ́ta.

Ìdérí padà sáyè ẹ̀, bóòtù mẹ́ta, téńkì, kí negative bátìrì wá jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ on, pupa tàn. Ẹ gbé mítà sórí bátìrì: bátìrì tó kún tí nǹkan kan ò ṣiṣẹ́ á máa ka bíi 12.6 volt. Ẹ start. Níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń rọra ṣiṣẹ́, ẹ má retí púpọ̀. Ẹ ká throttle títí ẹ́ńjìnnì á fi máa yí ní 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ rí láàárín 13.8 sí 14.2. Tó bá kọjá 15, regulator ò gbọ́ràn, ẹ tètè pa á. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, iṣẹ́ ò tíì tán, ẹ lọ gùn ún fún bí ìdajì wákàtí nínú oòrùn, ẹ padà, kẹ́ ẹ tún gbé mítà sí i nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ rántí pé ooru ló tú àṣírí tèmi.

Ohun kan tó máa ń da àwọn èèyàn lójú rú: tẹ́ ẹ bá wọ go-slow Nyanya lálẹ́ pẹ̀lú fìtílà ńlá lórí, pupa á máa tàn díẹ̀díẹ̀, mítà á máa ka 12 àti díẹ̀. Kò bàjẹ́. 280 watt ni wọ́n kọ fún alternator R80, ṣùgbọ́n orí ìrìn ló ti ń rí i ṣe, tẹ́ ẹ bá dúró lójú kan, ohun tó ń pọn ò tó ohun tí fìtílà ń jẹ. Ẹ ká throttle díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ fi fìtílà kékeré dúró. Àwọn kan ń ta èyí tó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì gidi, tó ń pọn 450 watt, tí kò ní brush rárá, ó dáa, àmọ́ ó wọ́n, ẹni tí kì í gbé ẹrù iná púpọ̀ ò nílò ẹ̀.

Rotor tó já yẹn wà lórí fèrèsé mi, mo fi ń mú ìwé dúró. Regulator tí mo yọ dànù, mo dá a padà sínú máṣíìnì, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Bátìrì kejì tí mo rà lásán ni mo so gílóòbù 12 volt kan mọ́ nínú kọ́rídọ̀, tí NEPA bá mú iná lọ ní Kubwa, òun ni gbogbo ilé fi ń rìn.